Ta Ni Ń Ṣọ́ Ohun Gbogbogbò? Ìròyìn Linux àti Ètò Ojútáyé Nínú Oṣù Ẹrẹ̀nà, Ọdún 2024

Ìfáárà

Kò sí oṣù kan tí ìròyìn kì í jáde nípa Linux àti àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó bá a tan. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà a máa ṣàkójọ rẹ̀ lóṣooṣù: ẹ̀dà tuntun wo ló jáde, ilé-iṣẹ́ wo ló yí ìwé-àṣẹ rẹ̀ padà, àlébù wo ni wọ́n rí, ta ló rí i. Púpọ̀ nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò kọjá ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan yóò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n oṣù Ẹrẹ̀nà, ìyẹn oṣù kẹta, ọdún 2024 yàtọ̀ gédégédé. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré nínú oṣù náà, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì wáyé tó sọ ìbéèrè kan di ọ̀ràn-an-yàn: ohun tí gbogbo ayé jọ ń lò, ta ló ni ín, ta ló sì ń ṣọ́ ọ?

Ìbéèrè yìí kan olùkọ́ èdè Yorùbá ju bí ó ṣe lè rò lọ. Linux ló wà ní ìpìlẹ̀ gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Linux náà ló ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n ń tọ́jú ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì sí. Bí ẹni tó ni fóònù bá sì yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀, orúkọ ọjọ́ àti orúkọ oṣù tí fóònù náà yóò kọ, inú àkójọ kan tó wà ní gbangba ló ti mú un wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.

Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira

Kí ìròyìn oṣù náà tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ètò kọ̀ǹpútà, tí àwọn mìíràn ń pè ní sọ́fítíwíà, àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ń ṣe ètò a máa kọ àṣẹ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, ní èdè tí ènìyàn tó kọ́ ọ lè kà. Ẹ̀rọ yóò wá sọ àwọn àṣẹ náà di òǹkà tí kọ̀ǹpútà nìkan mọ̀ ọ́n lò. Ìlà àṣẹ tí ènìyàn lè kà yẹn ni àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í fi í han ẹnikẹ́ni. Ó wá dà bí àgbo inú ìgò: ẹni tó rà á lè mu ún, ara rẹ̀ sì lè yá, ṣùgbọ́n kò mọ ewé àti egbò tó wà níbẹ̀, bí ẹni tó sè é bá sì papò dà, ìmọ̀ náà bá a lọ. Àwọn ètò tí à ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ wọn wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Èdè-ìperí Yorùbá kò tí ì ní orúkọ tó fìdí múlẹ̀ fún irú rẹ̀. ‘Ètò ojútáyé’ ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín, nítorí pé ojútáyé ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.

Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ló kéde iṣẹ́ GNU ní oṣù Owewe (oṣù kẹsàn-án) ọdún 1983. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ẹni tó ń lo ètò ní òmìnira láti lò ó fún ohun tó bá wù ú, láti yẹ inú rẹ̀ wò kí ó sì yí i padà, láti fún ẹlòmíràn, àti láti fún ẹlòmíràn ní èyí tó ti yí padà. Ìṣòro tó bá a pàdé láti inú èdè rẹ̀ ló ti wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí ènìyàn kò san owó fún àti fún ẹni tí kò sí lábẹ́ ìdè. Láti ìgbà náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàlàyé, tí wọ́n tún ń ṣàtúnṣe àlàyé, lórí èyí tí wọ́n ní lọ́kàn nínú méjèèjì. Yorùbá kò ní wàhálà yìí rárá. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni lè ta ètò ojútáyé lówó. Òmìnira ẹni tó rà á ni kò gbọdọ̀ tà mọ́ ọn. Olùkọ́ tó bá fi ọ̀rọ̀ méjì yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò rí i pé ohun tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń fi ojú-ewé mẹ́ta ṣàlàyé ti yé kíláàsì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Ògún (oṣù kẹjọ), ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kéde pé òun ń ṣe ètò kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun kàn ń fi dára òun lára yá ni, kò lè di ńlá. Ètò náà ni Linux. Òun ló wà láàárín ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti gbogbo ètò yòókù. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ní ọdún 1992, Torvalds fi í sábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL tí Stallman ṣe. Ìwé-àṣẹ yìí sọ pé ẹni tó bá pín ètò náà fún ẹlòmíràn lẹ́yìn tó ti tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ náà lé ẹni náà lọ́wọ́. Irú ìwé-àṣẹ mìíràn wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀, irú bíi BSD, tó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti mú ètò náà, kódà kí ó tì í mọ́lé lẹ́yìn àtúnṣe. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ohun tó ń bọ̀.

Linux nìkan kò tó lò. Àwọn ẹgbẹ́ kan ló ń di í pọ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò mìíràn kí ó tó di ohun tí ènìyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lára irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Debian, Fedora, àti Ubuntu tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, tó sì mú orúkọ rẹ̀ láti inú èdè àwọn ènìyàn ìhà gúúsù Áfíríkà.

Ìròyìn Wẹ́wẹ́

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10, oṣù Ẹrẹ̀nà ni Torvalds gbé ẹ̀dà 6.8 ti Linux jáde. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ó máa ń wà láàárín ẹ̀dà kan sí èkejì, nítorí náà kò sí ìyàlẹ́nu kan nínú èyí. Ohun tó lè pa òǹkàwé ilẹ̀ Nàìjíríà lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fẹ́ dá iṣẹ́ náà dúró. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ (oṣù kìíní), nígbà tí ó ń gba iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọlé fún ẹ̀dà yìí, ìjì yìnyín mú iná lọ ní agbègbè Portland tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin tí gbogbo ayé ń retí iṣẹ́ rẹ̀ sì jókòó láìsí iná fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní ọjọ́ 20, GNOME 46 jáde. GNOME ni ojú tí ẹni tó ń lo Ubuntu tàbí Fedora máa ń rí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kathmandu, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nepal, ni wọ́n fi sọ ẹ̀dà náà lórúkọ, láti bu iyì fún àwọn tó gba ìpàdé GNOME ti ilẹ̀ Éṣíà lálejò níbẹ̀ ní ọdún 2023.

Bí Redis Ṣe Bí Valkey

Ní ọjọ́ 20 yẹn kan náà ni ìjà ńlá àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Redis ni ètò tó máa ń tọ́jú ìsọfúnni sí ibi tí ọwọ́ kọ̀ǹpútà ti lè tètè tó o, àìmọye ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ló sì gbára lé e. Salvatore Sanfilippo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló ṣe é ní ọdún 2009, abẹ́ ìwé-àṣẹ BSD ló sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ohun tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ń bójú tó. Ilé-iṣẹ́ yìí kéde ní ọjọ́ náà pé láti orí ẹ̀dà 7.4, ìwé-àṣẹ méjì mìíràn ni yóò máa darí Redis, RSALv2 àti SSPLv1. Ẹgbẹ́ tó ń sọ ohun tó yẹ ní pípè ní ètò ojútáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, kò ka ọ̀kankan nínú méjèèjì sí ìwé-àṣẹ ojútáyé.

Ẹ̀sùn ilé-iṣẹ́ Redis kì í ṣe ẹ̀sùn tí ènìyàn lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi kọ̀ǹpútà háyà ń mú Redis, wọ́n ń tà á fún oníbàárà, wọ́n ń jẹ èrè ńlá, wọn kò sì fi ohun tó tó nǹkan ṣọwọ́ sí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló kọ Redis. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ti dá sí i láti ọdún 2009. Wọ́n bá wọn kọ́lé bí ẹni tó wá sí ọ̀wẹ̀, wọ́n wá gbọ́ lọ́jọ́ kan pé àwọn tó kọ́ ọ kò ní lè wọlé bí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí èsì fi dé. Ní ọjọ́ 28, àjọ Linux Foundation kéde Valkey, ètò tuntun tí wọ́n mú jáde láti inú ẹ̀dà 7.2.4 ti Redis, èyí tó ṣì wà lábẹ́ BSD. Amazon, Google àti Oracle wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Ohun tó fani mọ́ra níbí ni pé ìwé-àṣẹ tó fún ilé-iṣẹ́ náà láyè láti ti ilẹ̀kùn, òun kan náà ló fún àwọn yòókù láyè láti kó ohun tó wà nílé kí ilẹ̀kùn tó tì. Ohun tí wọ́n bá ti fi sílẹ̀ lábẹ́ òmìnira kò ṣeé gbà padà. Kìkì ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n lè dè mọ́lẹ̀. Bí ó sì tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dùn mọ́ àwọn alátìlẹyìn Valkey láti pe èyí ní ìṣẹ́gun àwọn mẹ̀kúnnù, kò yẹ kí a gbàgbé pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí Redis ń fẹ̀sùn kàn gan-an wà lára àwọn tó san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù Ẹ̀bibi (oṣù karùn-ún), ọdún 2025, Redis fúnra rẹ̀ padà sójútáyé: ó fi ìwé-àṣẹ AGPLv3 kún àwọn tí ènìyàn lè yàn fún ẹ̀dà 8.

Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Inú XZ

Ìròyìn tó tóbi jù nínú oṣù náà jáde ní ọjọ́ 29, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọdún Àjíǹde. Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Microsoft (ilé-iṣẹ́ tó ti fi ìgbà kan rí kórìíra Linux bí ìgbẹ́), ń dán iṣẹ́ mìíràn wò lórí Debian tí wọn kò tí ì fọwọ́ sí fún ìlò gbogbogbò. Ó ṣàkíyèsí pé OpenSSH, ètò tí ènìyàn máa ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Dípò ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó ń gba ìdá mẹ́jọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò rọra gbójú fò ó. Freund kò gbójú fò ó. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé inú ètò kékeré kan tó ń jẹ́ XZ.

Iṣẹ́ XZ ni láti fún fáìlì pọ̀ kí ó má gba àyè púpọ̀. Kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ẹnu-ọ̀nà. OpenSSH fúnra rẹ̀ kì í tilẹ̀ lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ìdìpọ̀ bíi Debian àti Fedora ti so OpenSSH pọ̀ mọ́ ètò mìíràn tí ń jẹ́ systemd, systemd sì ń lo XZ. Nípa báyìí, ohun tó bá wọ inú XZ lè tipa ẹ̀yìn dé ẹnu-ọ̀nà àbáwọlé. Ohun tí Freund rí nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 nìyẹn: ẹnì kan ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan lọ́wọ́ lè pàṣẹ fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láti ibikíbi, láìjẹ́ pé ó sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kankan. Wọ́n fún àlébù náà ní òǹkà CVE-2024-3094, wọ́n sì fi ewu rẹ̀ sí 10 nínú 10.

Bí ọ̀nà ẹ̀bùrú náà ṣe débẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ fara balẹ̀ gbọ́. Lasse Collin, ará Finland, ló ti ń tọ́jú XZ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2021, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ṣọwọ́ sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, sùúrù rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fínná mọ́ Collin: wọ́n ní iṣẹ́ náà ń falẹ̀, wọ́n ní kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Collin fèsì pé agbára òun ti dínkù, àti pé iṣẹ́ tí kò sówó nínú rẹ̀ ni òun ń ṣe. Díẹ̀díẹ̀, Jia Tan di igbákejì rẹ̀, ó sì gba àṣẹ láti máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àárẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ògiri tó lanu yìí. Ní ọjọ́ 24, oṣù Èrèlè (oṣù kejì), ọdún 2024, Jia Tan gbé ẹ̀dà 5.6.0 jáde. Kò sí ẹni tó tí ì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní gbangba bóyá ènìyàn kan ni Jia Tan tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fi orúkọ kan bojú.

Àwọn alátìlẹyìn ètò ojútáyé a máa fọ́nnu pé ojú púpọ̀ ló ń wò ó, ohun búburú kò sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ XZ fi hàn pé àbọ̀ òtítọ́ ni. Wọ́n fi májèlé náà pamọ́ sínú àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń dán ètò wò, èyí tí ènìyàn kò lè kà bí ẹni ka ìwé. Ìlà tó ń jí i dìde kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ tó wà ní gbangba. Inú ìdìpọ̀ tí wọ́n gbé jáde fún ìlò nìkan ló wà. Ohun tó wà lójútáyé àti ohun tó wọ ilé àwọn ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú púpọ̀ lè wo, ọ̀pọ̀ kò wò. Síbẹ̀, bí àkọsílẹ̀ XZ bá wà ní àpótí ilé-iṣẹ́ kan, Freund kì bá tí rí ibi tí yóò tọ ipasẹ̀ náà dé. Láàárín ọjọ́ kan, àwọn ìdìpọ̀ tó ti gba ẹ̀dà náà wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti ìdánwò, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ 29, oṣù Ẹ̀bibi, Collin fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀dà 5.6.2 jáde, tí wọ́n ti fọ ọ̀nà ẹ̀bùrú náà dànù.

Àkójọ Orúkọ Oṣù

Àárẹ̀ àti àìtó ènìyàn tó dé bá XZ kò jìnnà sí èdè Yorùbá. Àjọ Unicode ní àkójọ kan tó ń jẹ́ CLDR, tó wà ní gbangba fún ìlò ẹnikẹ́ni. Android, àwọn ẹ̀rọ Apple àti ọ̀pọ̀ ètò orí Linux ló ń mú orúkọ ọjọ́, oṣù, owó àti orílẹ̀-èdè láti inú rẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀. Orúkọ oṣù tó wà níbẹ̀ ni Ṣẹ́rẹ́, Èrèlè, Ẹrẹ̀nà, Ìgbé, Ẹ̀bibi, Òkúdu, Agẹmọ, Ògún, Owewe, Ọ̀wàrà, Bélú àti Ọ̀pẹ̀. Àwọn orúkọ tí a lò nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Yorùbá ilẹ̀ Benin ní abala tirẹ̀ níbẹ̀, ní ìlànà àkọtọ́ ibẹ̀: oṣù kẹta di Ɛrɛ̀nà, oṣù kẹwàá di Ɔ̀wàrà.

Olùkọ́ tó bá wo àkójọ yìí yóò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Àwọn kan ń kọ Ẹrẹ́nà, kì í ṣe Ẹrẹ̀nà. Ó sì ṣeé bi léèrè bóyá oṣù tí àwọn baba ńlá ń ka pẹ̀lú òṣùpá lè bá oṣù àwọn Òyìnbó dọ́gba rẹ́gí bí àkójọ náà ṣe tò wọ́n. Ìbéèrè gidi ni ìwọ̀nyí, àwọn onímọ̀ èdè sì ni ó yẹ kí ó dá wọn lóhùn. Ní àwọn àkókò kan, àjọ náà máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ láti dábàá ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì dìbò lé e lórí. Ìbò kò dọ́gba. Ti ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń wúwo ju ti ẹnì kan lọ. Ẹni tó bá sì rí àṣìṣe lè kọ ọ́ ránṣẹ́ nígbàkigbà. Kò sí jìbìtì kankan nínú àkójọ yìí o. Bí àwọn elédè kò bá sí níbẹ̀, àwọn díẹ̀ tó bá ráyè ni yóò yàn fún gbogbo ènìyàn, ohun tí wọ́n bá sì yàn ni ọmọ iléèwé yóò bá lórí fóònù, tí yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Orúkọ méjìlá ni. Kíláàsì àwọn olùkọ́-ní-ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lè yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bi àwọn àgbà àdúgbò rẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n mọ oṣù kọ̀ọ̀kan sí àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe nínú rẹ̀, kí ó fi àmì ohùn sí i bí wọ́n ṣe pè é. Kí wọ́n gbé èsì náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó wà nínú CLDR, kí wọ́n sàmì sí ibi tí Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́, tí Èkìtì ti yàtọ̀ sí Ẹ̀gbá, kí ẹ̀ka èdè Yorùbá sì fi èyí tó bá fìdí múlẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ náà ní orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn.